Ìfiwéra fún Ẹbí Tó Fẹ́ Máa Sun Inú Ọkọ̀ Ojú Omi Mọ́jú: Èwo Ló Yẹ Ká Rà, Èwo Ló Lè Dúró?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi oníyàrá ló jẹ́ pé tìtorí ìgbádùn ọ̀sán ni wọ́n ṣe kọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀dì wà níwájú, sítóòfù kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tọ́ìlẹ́ẹ̀tì wà nínú yàrá tóóró tí èèyàn ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ̀. Bí ẹbí ẹlẹ́ni mẹ́rin bá sùn síbẹ̀ mọ́jú lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, kíá ni àléébù á yọjú: bátìrì á kú kí ilẹ̀ tó mọ́, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì á rin gbingbin, òórùn burúkú á máa rú láti ìdí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì, ẹni tó sùn sẹ́yìn ò ní rí ibi na ẹsẹ̀. Ọjà tó ń ṣèlérí pé òun á tún un ṣe pọ̀ lọ jàra. Ẹni tí owó rẹ̀ ò lè ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni mo kọ ìfiwéra yìí fún.

Ìbéèrè kan wà tó ṣíwájú gbogbo ìyókù: ibo lẹ máa ń sùn jù? Ṣé èbúté tó níná tí ẹ lè fa wáyà sí ni, àbí ẹ̀bá erékùṣù àti àárín adágún, níbi tó jẹ́ ìdákọ̀ró nìkan ló dì yín mú? Ẹni tó ń sun èbúté lè ra ẹ̀rọ amúlétutù àti sítóòfù oníná láìronú lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó ń sun orí ìdákọ̀ró, gbogbo ohun tó bá gbé wọlé, bátìrì ni yóò pọ̀n ọ́n. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n kó ẹ̀rọ olówó gọbọi sí nítorí iná èbúté, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ni ín kì í sun èbúté. Gbogbo ẹ̀rọ náà kàn jókòó síbẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé fíríìjì àti bátìrì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ yàn, torí àwọn méjèèjì ni yóò sọ ìyókù tí ọkọ̀ yín lè gbà.

## Fíríìjì

Òun ni ọ̀gá nínú àwọn tó ń jẹ iná. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà, ìyàtọ̀ wọn sì jìnnà síra.

Èyí tó ń lo kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ lórí iná 12 volt ń fa bí ampere 4 sí 5 nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sinmi bó bá ti tutù tó. Tí a bá pa wákàtí 24 pọ̀, nǹkan bí 40 sí 50 Ah (ampere-wákàtí, ìyẹn iye ampere tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀) ló máa jẹ. Bí ooru bá mú gan-an, tàbí tí àwọn ọmọ ń ṣí i ṣáá, á jù bẹ́ẹ̀. Kúlà tí kò ní kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ ojú iná inú mọ́tò, kò wọ́n rárá, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ sí. Òun náà ń fa ampere 4 tàbí 5, àmọ́ kì í sinmi; kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó ti jẹ 100 Ah. Èyí tó wá burú jù ni pé kò lè fi ju nǹkan bí 20°C tutù ju ìta lọ. Bí ìta bá jẹ́ 35°C, inú kúlà á wà ní 15°C, ẹran àti wàrà ò sì ṣeé fi síbẹ̀ mọ́jú. Ẹ̀kẹta ni fíríìjì tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ibi tó tẹ́jú, orí omi kì í sì í tẹ́jú. Yàtọ̀ síyẹn, iná ń jó lábẹ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ pẹtiróòlù lè sá pamọ́ sí. Mi ò ní gba ẹbí kankan nímọ̀ràn láti gbé e wọlé.

Láàárín àwọn oníkọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fúnra wọn, ẹ tún ní láti yan èyí tó ń ṣí lókè tàbí èyí tó ń ṣí níwájú. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo. Ẹ ṣí fíríìjì tó ń ṣí níwájú láìwọ bàtà, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára bí òtútù ṣe ń dà sórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín. Iná bátìrì ló ń dà nù yẹn. Èyí tó ń ṣí lókè ń pa òtútù rẹ̀ mọ́, àmọ́ ẹ ó máa tú ẹrù kí ẹ tó rí ohun tó wà nísàlẹ̀, kò sì ṣeé tì bọ abẹ́ káńtà. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ rí afẹ́fẹ́. Èyí tí wọ́n há mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí kò níhò kì í sinmi, torí ooru tó ń tì jáde náà ló tún ń fà padà.

Ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ló ń sun orí omi, tí kò sì jù òru méjì lọ, kúlà tí ara rẹ̀ nípọn pẹ̀lú yìnyín tó gan dáadáa ti tó o. Kò jẹ iná kankan. Kí ó fi owó fíríìjì ra bẹ́ẹ̀dì.

## Bátìrì

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀sán kan òru kan fún ẹni mẹ́rin lórí ìdákọ̀ró. Fíríìjì, 45 Ah. Fáànù kékeré méjì fún wákàtí mẹ́jọ, 6 Ah. Iná LED inú yàrá, 5 Ah. Iná òkè tó ń jẹ́ kí àwọn ọkọ̀ mìíràn mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀, 2 Ah. Pọ́ǹpù omi, 2 Ah. Fóònù àti àwọn nǹkan ìṣeré ọmọ, 10 Ah. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 70 Ah. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn bí ẹ bá ń wo táblì yìí (AGM inú rẹ̀ jẹ́ bátìrì àásìdì tí wọ́n dé pa, tí a kì í bu omi sí):

| | Bátìrì olómi àásìdì | AGM | Lithium (LiFePO4) |
|---|---|---|---|
| Ohun tó ṣeé lò nínú 100 Ah | bíi 50 Ah | bíi 50 Ah | 80 sí 90 Ah |
| Ìwúwo 100 Ah | bíi kílò 25 sí 30 | bíi kílò 28 sí 32 | bíi kílò 11 sí 14 |
| Iye ìgbà tó lè sọ̀kalẹ̀ kó tún kún | ọgọ́rùn-ún mélòó kan | ó fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ | 2000 sókè |
| Ìtọ́jú | omi ni ẹ ó máa bù sí i | kò sí | kò sí, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ṣájà tirẹ̀ |
| Nínú òtútù | ó ń gba iná díẹ̀díẹ̀ | ó ń gba iná díẹ̀díẹ̀ | a kì í ṣájì rẹ̀ nísàlẹ̀ 0°C |

Bátìrì àásìdì 100 Ah kan ò tó ọjọ́ kan. Méjì lẹ nílò, ìyẹn bíi kílò 60 nínú ọkọ̀ kékeré. Lithium kan tó jẹ́ 100 Ah ló máa ru ẹrù kan náà pẹ̀lú bíi kílò 12. Bí èèyàn bá wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé yìí nìkan, kò sí ìjíròrò mọ́.

Ṣùgbọ́n lithium kì í ṣe nǹkan tí a kàn ń yọ ti àtijọ́ kúrò ká fi sí ojú ẹ̀. Ó ń gba iná pẹ̀lú ìwọra. Alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná lára ẹ́ńjìnnì, tó ti mọ́ ọn lára pé bátìrì àásìdì á rọra gbà lọ́wọ́ òun, á máa ṣiṣẹ́ àṣekúdórógbó títí tí yóò fi gbóná jó. BMS, ìyẹn ẹ̀rọ ìṣàkóso tó wà nínú lithium náà, lè já iná lójijì láti dáàbò bo ara rẹ̀, bí èyí bá sì ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, alternator lè bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń yanjú méjèèjì ni ṣájà DC-DC (tó ń fi iná bátìrì kan ṣájì òmíràn) láàárín bátìrì ẹ́ńjìnnì àti ti ilé, ìyẹn èyí tó ń bọ́ fíríìjì àti ìyókù; òun ló máa fi òdiwọ̀n sí iye ampere tó lè kọjá. Ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ owó bátìrì. Ẹ tún ka owó mítà mọ́ ọn: volt bátìrì àásìdì tó ti sinmi máa ń jẹ́ 12.7 tó bá kún, ó sì máa ń wà ní bíi 12.2 tó bá dé ìdajì, nítorí náà mítà volt lásán tó fún un. Volt lithium fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí títí tó fi kù díẹ̀ kó tán. Ó fẹ́ mítà tó ń ka iná tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde.

AGM ṣì ní àyè tirẹ̀. Ọkọ̀ tó ń padà sí èbúté ní alaalẹ́, tí ṣájà rẹ̀ ti pẹ́, tí ẹni tó ni ín ò fẹ́ tú wáyà ká, AGM á bá a mu láìsí wàhálà. Àléébù rẹ̀ ni pé kò fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ ní ìdajì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Á le koránkorán nínú, kò sì ní gba iná bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Olómi àásìdì ni owó rẹ̀ kéré jù, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ hydrogen jáde nígbà tó bá ń gba iná, nítorí náà kò yẹ kó wà lábẹ́ ibi tí èèyàn ń sùn láìsí ihò afẹ́fẹ́. Lójú tèmi: orí ìdákọ̀ró, lithium; èbúté, AGM.

Ìkankan tí ẹ bá mú, bátìrì tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí gbọ́dọ̀ dá wà, kí fíríìjì má baà dá yín dúró sójú omi. Kí fíúsì sì súnmọ́ bátìrì pẹ́kípẹ́kí. ABYC, àjọ tó ń gbé ìlànà kíkọ́ ọkọ̀ ojú omi kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà, fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ sí íńṣì 7, bíi sẹ̀ǹtímítà 18.

## Kí ni yóò kún bátìrì padà?

Sólà, ẹ́ńjìnnì, jẹnẹrétọ̀, tàbí iná èbúté. Iná èbúté ò ní àríyànjiyàn. Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ọkọ̀ máa ń mú iná gidi wá bí ẹ bá ń rìn, àmọ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi kọ́ ìdí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan wá, pàápàá nígbà tó bá ń rọra ṣiṣẹ́. Kí èèyàn sì máa tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ lórí ìdákọ̀ró torí fíríìjì, ariwo àti èéfín nìyẹn fún odindi ìrọ̀lẹ́.

Páánẹ́ẹ̀lì sólà 200 watt ń mú nǹkan bí 45 sí 60 Ah wọlé lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn dáadáa. Fún ẹbí tó ń jẹ 70 Ah, ìyẹn túmọ̀ sí pé bátìrì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òpin ọ̀sẹ̀ sì máa ń parí kó tó tán. Páánẹ́ẹ̀lì onírin líle ń pẹ́ ju èyí tó ṣeé tẹ̀ lọ, torí èyí tó ṣeé tẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ òrùlé, afẹ́fẹ́ ò rí abẹ́ rẹ̀ gbà, ooru sì ń jẹ ẹ́ run. Àmọ́ tí òrùlé yín bá jẹ́ aṣọ tàrùpólì, onítẹ̀ nìkan lẹ lè lò. Ẹ ṣọ́ òjìji: ọ̀pá ìdìmú kékeré tó bá fi òjìji dábùú páánẹ́ẹ̀lì lè gbé èyí tó pọ̀ jù nínú iná rẹ̀ lọ.

Jẹnẹrétọ̀ wá ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rọra dúró níbí.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2013, ìyá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin kú sínú ọkọ̀ oníyàrá lórí adágún Windermere ní England. MAIB, àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ojú omi níbẹ̀, rí i pé jẹnẹrétọ̀ pẹtiróòlù kékeré, irú èyí tí a ń fọwọ́ gbé kiri, ni wọ́n gbé sínú yàrá ẹ́ńjìnnì kí wọ́n lè fi tan híítà. Páìpù èéfín tí wọ́n fi ọgbọ́n orí ṣe sí i já, carbon monoxide sì kún ibi tí wọ́n sùn sí. Álámù wà nínú ọkọ̀ náà. Wọn ò so ó mọ́ iná. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, ọkùnrin méjì kú bákan náà nínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ní ìlú York: páìpù èéfín híítà ló já, kò sì sí álámù kankan. Carbon monoxide kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó ń sùn kì í jí.

Nítorí náà nínú ìfiwéra yìí, mi ò fi jẹnẹrétọ̀ àgbégbé sí ipò kankan. Kò yẹ kó wà nínú ọkọ̀ tí ọmọ ń sùn sí. Èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi, tí omi ń tu ú lára, tí èéfín rẹ̀ ń gba ara ọkọ̀ jáde sórí omi, yàtọ̀ sí i pátápátá, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, kò sì yẹ ká tàn án sùn. Ẹ fi álámù carbon monoxide tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ojú omi sí gbogbo ibi tí ẹnikẹ́ni bá ń sùn, kódà bí ẹ ò bá ní jẹnẹrétọ̀, torí èéfín ọkọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín lè wọlé wá bá yín. Ó ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán. Wọ́n ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Owó kékeré ni, òun ló sì yẹ kó ṣíwájú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ lókè.

## Bẹ́ẹ̀dì

Ẹ gbé fóòmù iwájú sókè láàárọ̀, kí ẹ fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀. Ó tutù nini, pákó tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ń dán fún omi, àmì dúdú kéékèèké ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù lára aṣọ rẹ̀. Òjò kọ́ ló wọlé. Ẹni kan tó sùn mọ́jú ń tú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lítà omi sínú afẹ́fẹ́ nípa èémí àti òógùn. Ẹni mẹ́rin, bíi lítà kan. Ooru ara ń ti omi yẹn gba inú fóòmù kọjá, ara ọkọ̀ tó tutù ló sì máa ń dà sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ohun tó wà lábẹ́ fóòmù ṣe pàtàkì tó fóòmù fúnra rẹ̀. Ẹ lè fi igi pẹlẹbẹ tó ní àlàfo rọ́pò pákó tó dí, ẹ lè tẹ́ ẹní tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi okùn hun, tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá, ẹ sì lè to àwọn sípíríìnì oníke kéékèèké tí wọ́n ń há mọ́ra wọn. Ẹní ló rọrùn jù, kò sì gbé bẹ́ẹ̀dì ga. Sípíríìnì oníke ló tu ara jù, ó sì ń gbé bẹ́ẹ̀dì sókè ní sẹ̀ǹtímítà mélòó kan, ẹ sì gbọ́dọ̀ wọn àyè orí yín kí ẹ tó rà á. Àwọn ọkọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá dìde jókòó lójijì, orí á kan òrùlé.

Ní ti fóòmù, èyí tó bá ọkọ̀ wá kì í sábà nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 7 tàbí 8 lọ. Ó tó láti jókòó lé, kò tó láti sùn lé. Sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12 tó le dáadáa ni kí ẹ béèrè fún. Tí owó bá há, ẹ jẹ́ kí fóòmù àtijọ́ wà, kí ẹ gé tẹ́ẹ́rẹ́ tó rọ̀ lé e lórí. Latex, ìyẹn fóòmù onírọ́bà, tu ara gan-an, kò sì tètè bu, àmọ́ ó wúwo láti gbé bí ẹ bá fẹ́ ṣí àpótí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ibi tí tábìlì ti ń di bẹ́ẹ̀dì lálẹ́ ni kí ẹ fún àwọn ọmọ. Egungun wọn ṣì ń gbà á.

## Ooru àti òtútù

Lórí ìdákọ̀ró, ìmú ọkọ̀ máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé fèrèsé òrùlé iwájú, bí ẹ bá ṣí i síwájú tí ẹ sì fi àwọ̀n ẹ̀fọn sí i, ń ṣe iṣẹ́ tí èèyàn rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe é. Ẹ fi fáànù kékeré kan sí ibùsùn kọ̀ọ̀kan, tí kì í jẹ ju ìdajì ampere lọ, ọ̀pọ̀ òru á sì dùn.

Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré ń jẹ bíi 500 sí 600 watt. Bó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ sinmi díẹ̀ láti alẹ́ dé òwúrọ̀, á gba ju 200 Ah lọ lára bátìrì 12 volt, ìlọ́po mẹ́ta ohun tí ìyókù ọkọ̀ ń jẹ lójúmọ́. Lórí iná èbúté, ẹ rà á láìbẹ̀rù. Lórí ìdákọ̀ró, á fa yín lọ sí bátìrì ńlá tàbí jẹnẹrétọ̀, mo sì ti sọ ohun tí mo rò nípa ìyẹn.

Fún òtútù, híítà dísẹ́ẹ̀lì àti híítà gáàsì tí kò ní páìpù èéfín ni ẹ ó rí jù. Èyí tí kò ní páìpù ń mú afẹ́fẹ́ tí ẹ̀ ń mí, ó sì ń da omi padà síbẹ̀: kílò gáàsì kan tó bá jó ń di omi tó ju lítà kan àbọ̀ lọ. Ẹ ó gbóná, ẹ ó sì tún rin. Ewu carbon monoxide ò sì jìnnà sí i. Híítà dísẹ́ẹ̀lì ń fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ láti ìta, ó sì ń tú èéfín rẹ̀ síta, nítorí náà ooru tó gbẹ ló ń fẹ́ wọlé. Èyí tó jẹ́ kilowatt 2 tó fún ọkọ̀ mítà méje sí mẹ́sàn-án. Ó ń fa bí ampere 10 fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá ń tan, lẹ́yìn náà ó máa ń wálẹ̀ sí bíi 1 tàbí 2. Pọ́ǹpù epo rẹ̀ máa ń dún kó-kó-kó ní gbogbo òru. Ẹ fi rọ́bà sábẹ́ rẹ̀, ẹ má sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí. Ẹ yẹ páìpù èéfín rẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́dọọdún, kí ẹ sì rántí York.

## Tọ́ìlẹ́ẹ̀tì

Èyí ni àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ náwó lé, òun sì ni àwọn ìyàwó àti ọmọ fi máa ń kọ̀ láti padà wá.

Tọ́ìlẹ́ẹ̀tì àgbégbé, tó ní àpótí lítà 10 sí 20 nísàlẹ̀, kò fẹ́ ihò kankan lára ọkọ̀, kò fẹ́ wáyà. Fún ẹni méjì ní òpin ọ̀sẹ̀, ó dára. Fún ẹni mẹ́rin, á kún ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan á sì ní láti gbé kílò 20 ìdọ̀tí gba orí èbúté kọjá.

Tọ́ìlẹ́ẹ̀tì tó ní táńkì ló súnmọ́ ti ilé jù. Ẹ lè mú onípọ́ǹpù ọwọ́ tàbí oníná. Oníná dùn lò, àmọ́ ó ń da omi tó pọ̀ nù lẹ́ẹ̀kan, táńkì tó bá sì kéré á tètè kún. Omi ìta ni ọ̀pọ̀ ń lò. Òórùn ẹyin díbàjẹ́ tó ń jáde bí ẹ bá kọ́kọ́ fà á lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn nǹkan abẹ̀mí kéékèèké tó kú sínú họ́ọ̀sì omi òkun ló fà á, kì í ṣe ìgbẹ́. Omi mímu inú táńkì yín, bí ẹ bá ní èyí tó pọ̀ tó, ló ń paná òórùn yẹn. Òórùn kejì ni ti họ́ọ̀sì tó ti gbó. Ẹ rẹ àkísà mímọ́ sínú omi gbígbóná, ẹ fi nu họ́ọ̀sì náà, lẹ́yìn náà ẹ gbóòórùn àkísà. Bó bá ń rùn, ẹ pààrọ̀ họ́ọ̀sì. Oògùn kankan ò ní wò ó.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó ń ya ìtọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìgbẹ́. Kò fẹ́ táńkì, kò fẹ́ omi, bí ìtọ̀ ò bá sì kan ìgbẹ́, òórùn rẹ̀ kéré lọ́nà tó ń ya èèyàn lẹ́nu. Fáànù kékeré kan ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Ìgbẹ́ lè wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún ẹni méjì, ṣùgbọ́n ìgò ìtọ̀ fún ẹni mẹ́rin, ojoojúmọ́ ni. Ọmọdé gbọ́dọ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń jókòó lé e. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó ń pẹ́ lórí omi níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ tó ń fa táńkì gbẹ. Fún ẹbí tó ní ọmọ kékeré, tó sì máa ń padà sí èbúté, táńkì ni mo máa mú.

Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ ń lọ. Ní Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, a kò gbọ́dọ̀ da ìgbẹ́ tí a kò tọ́jú sómi láàárín máìlì ojú òkun 3 sí etíkun.

## Ìdáná

Gáàsì propane ń yára jó, ó sì ń se oúnjẹ bíi ti ilé. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà bó bá jò, ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ ló máa ń lọ dúró sí. Sílíńdà gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tí ihò rẹ̀ ń dà síta ọkọ̀, kí álámù gáàsì sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Sítóòfù onísípírítì kò ní wàhálà yẹn, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ ò gbóná tó ti gáàsì, ojú sì lè má rí i lọ́sàn-án gangan. Sítóòfù oníná tó ń mú ìdí ìkòkò fúnra rẹ̀ gbóná (induction) ló mọ́ jù, lítà omi kan tí ẹ bá sè lórí rẹ̀ sì ń gba bíi 10 Ah lára bátìrì. Ẹni tó bá ní lithium ńlá lè fi se tíì àárọ̀; oúnjẹ alẹ́ ẹni mẹ́rin ń fẹ́ iná èbúté. Bí ọkọ̀ yín bá ti ní gáàsì tí wọ́n ṣe dáadáa, ẹ má yọ ọ́.

## Ìdákọ̀ró àti mímì

Ọkọ̀ tí ìdákọ̀ró rẹ̀ ò dá ẹni tó ń wà á lójú, kò sí fóòmù tó lè mú un sùn. Àwọn ìdákọ̀ró onímú ṣóṣó ìgbàlódé, bíi Rocna, Spade àti Mantus, ń wọ ilẹ̀ kíákíá ju àwọn ti àtijọ́ lọ, wọ́n sì ń tún ara wọn rì nígbà tí afẹ́fẹ́ bá yí. Ìyípadà tí owó rẹ̀ kò tó ti fíríìjì ni, èrè rẹ̀ sì ju ti fíríìjì lọ fún ẹni tó ń sun ìta. Ẹ fi ìjìnlẹ̀ omi, gíga ìmú ọkọ̀, àti iye tí omi lè fi ga sí i lóru kún ara wọn, kí ẹ wá tú okùn tó tó ìlọ́po 5 sí 7 rẹ̀ sílẹ̀. Omi mítà 4 pẹ̀lú ìmú ọkọ̀ mítà 1, lọ́nà méje, jẹ́ mítà 35.

Ṣéènì tó ń fa gàràgàrà lórí òkúta máa ń dún nínú bẹ́ẹ̀dì iwájú bí ẹni pé inú ìrọ̀rí ló wà. Okùn nylon tó ń fà, tí ẹ fi kọ́ ṣéènì tí ẹ sì so mọ́ ọkọ̀, máa gba ariwo náà àti ìfàgbọ̀n rẹ̀. Bí ìgbì bá ń lu ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdákọ̀ró kejì láti ìdí lè yí ìmú padà sí ìgbì, àmọ́ kí ẹ má ṣe é níbi tí àwọn ọkọ̀ mìíràn ti ń yí pẹ̀lú afẹ́fẹ́.

## Ìwúwo

Ohun gbogbo tí mo kà yìí ní kílò. Lítà omi kan, kílò kan. Táńkì ìdọ̀tí tó kún, ó lè tó kílò 60. Bátìrì àásìdì méjì, kílò 60 mìíràn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì máa ń wọ ìdí ọkọ̀ torí ibẹ̀ ni àyè wà. Kí ẹ tó gbé ohunkóhun wọlé, ẹ fi téèpù sàmì sí ibi tí omi dé lára ìmú àti ìdí. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti kó gbogbo rẹ̀ sí, tí omi mímu àti epo sì kún, ẹ padà wá wò ó, ẹ sì fi àròpọ̀ ẹrù àti èèyàn wé ohun tí wọ́n kọ sí pálí tó ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí ọkọ̀ lè gbé. Ihò tó ń fa omi òjò kúrò nínú ibi ìjókòó ẹ̀yìn ni kí ẹ wò jù. Bí ìdí bá ti rì débi tí ihò yẹn wà lábẹ́ omi, omi òde á máa gba ibẹ̀ wọlé lóru. Ẹ gbé bátìrì wá sí àárín ọkọ̀, tàbí kí ẹ yọ nǹkan kan kúrò.